Fágúnwà àti ọwọ́ Olódùmarè nínú ìtàn

Ẹni tó bá ń gbé abúlé oko mọ ìbéèrè kan tí kì í gbó. Bí òjò bá dá nígbà tí àgbàdo fẹ́ yọmọ, bí àìsàn bá wọ ilé tí wọ́n ti rúbọ, tí wọ́n sì ti gbàdúrà, ẹnìkan á béèrè bóyá Olódùmarè tilẹ̀ ń wò wá. Láti Mọ́níyà dé Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá dé Akánràn, kò sí àdúgbò tí wọn kì í ti béèrè rẹ̀. Babaláwo ní ọ̀nà tó ń gbà dáhùn, àlùfáà ní tirẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ náà dáhùn, ìdáhùn wọn sì ti pẹ́ nínú ilé wa, nítorí inú àpò ìwé àwọn ọmọ wa ló gbà wọlé. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ní èdè Yorùbá ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà. Ó ti lé ní 60 ọdún tó ti papòdà. Ìtàn ayé rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé orúkọ Ifá ló wà lára ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, inú ìwé náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ onífá ti kọ́kọ́ kà á pé ọ̀tá Ọlọ́run ni Èṣù.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní Òkè-Igbó, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, tí kò sì jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Ìlú àgbẹ̀ àti ọdẹ ni, igbó ló yí i ká. Akíntúndé ni orúkọ bàbá rẹ̀, Òṣúnyọmí sì ni ti ìyá rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì dé, àwọn méjèèjì fi ẹ̀sìn àwọn bàbá wọn sílẹ̀. Bàbá di Joshua, ìyá di Rachel. Daniel ni orúkọ tí wọ́n fún ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Orówọlé ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò Orówọlé. Lẹ́tà kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní D. O. Fágúnwà títí di òní láìbéèrè èwo nínú méjèèjì ni a ń pè.

Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ orúkọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ti wà nínú ilé yẹn kí ọmọ náà tó mọ ìwé kà. Òṣúnyọmí ń sọ pé Òṣun ló gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ewu. Ẹ̀rí ni: ewu kan wà, òbí kan ké pe Òṣun, a sì rí ọmọ náà gbà. Orówọlé ń sọ pé Orò ti wọ inú ilé. Ifá ló ṣáájú nínú Fágúnwà. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́runfẹ́mi wá, tó ń sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Òǹkọ̀wé náà lè pààrọ̀ orúkọ tirẹ̀, kò lè pààrọ̀ ti ìyá rẹ̀, kò sì pààrọ̀ ti ìdílé. Nígbà tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ ìwé tó ń bá òrìṣà jà, Ifá ṣì ni ó ń fi pe ara rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ St. Luke's ní Òkè-Igbó ni ó ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1926, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì parí níbẹ̀ ní ọdún 1929. Àwọn ìjọ C.M.S. ló ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, inú ìlú Aláàfin sì ni ó wà. Láti ọdún 1930, ó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tó wà lábẹ́ St. Andrew's, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ kéde ìdíje ìwé kíkọ ní ọdún 1936. Fágúnwà kọ ìtàn ọdẹ kan ránṣẹ́. Ní ọdún 1938, ilé ìwé C.M.S. tẹ̀ ẹ́ jáde: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Elizabeth Adébánkẹ́ ni orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Àkàrà-Oògùn ni ọdẹ inú ìwé yẹn. Oògùn kún ọwọ́ rẹ̀ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Ó wọ igbó tí ẹ̀dá abàmì kún inú rẹ̀, ó bá wọn jà, ó sì sá fún wọn nígbà tó yẹ kó sá. Nígbà kan ó bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀dá kan tó gùn ún bí ẹṣin. Ó pe ọfọ̀, ọfọ̀ kò jẹ́. Ìgbà tó rántí Ẹlẹ́dàá rẹ̀, tó sì ké pè é, ni ọ̀nà tó wá là fún un. Nígbà mìíràn tí ìdààmú bá a, obìnrin kan yọ sí i tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìrànlọ́wọ́, ó sì tọ́ ọ sọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Oníwàásù lè ka ibi tí ọfọ̀ ti kùnà, kó sọ pé Fágúnwà ti fi hàn pé asán ni oògùn. Babaláwo lè ka ibì kan náà, kó má sì rí ohun tuntun nínú rẹ̀. Ta ni àgbà awo tó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ewé ń ṣiṣẹ́ láìsí àṣẹ? Ta ló sọ pé ẹnu lásán ló ń mú ọfọ̀ jẹ́? Olódùmarè ló ni àṣẹ. Bí kò bá fún ewé ní àṣẹ, ewé á di ohun tí ewúrẹ́ ń jẹ. Ẹ̀kọ́ tí Àkàrà-Oògùn kọ́ nínú ìyà jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ọmọ awo máa ń kọ́ kí wọ́n tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Ìrànlọ́wọ́. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀ wá bá ọdẹ. Ó ní ẹni tó ń rán. Àwa onífá mọ èyí dáadáa. Olódùmarè kò ní ojúbọ, kò ní àwòrò tó ń bọ ọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́gùn rẹ̀. Àwọn irúnmọlẹ̀ ló rán wá sí ayé. Ọ̀rúnmìlà jẹ́ ẹlẹ́rìí ìpín, Ògún la ọ̀nà, Ọbàtálá mọ ara, Òṣun tọ́ ọmọ. Ìyá tó bímọ láyọ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ Òṣun, ó sì mọ̀ pé Olódùmarè ni ó fún Òṣun ní agbára yẹn. Ọmọ Òṣúnyọmí jókòó ní Ọ̀yọ́, ó kọ ìtàn fún ìjọ C.M.S., nígbà tó sì fẹ́ gba ọdẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó rán obìnrin kan sí i nínú igbó.

Ìparí ìwé náà tún fi èyí hàn. Ọba ìlú rán Àkàrà-Oògùn àti àwọn akọni mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó, kí wọ́n lọ mú ohun tí yóò tún ìlú ṣe wá. Òkè náà súnmọ́ ọ̀run débi pé wọ́n ń gbọ́ kíkọ àkùkọ ọ̀run níbẹ̀. Ẹni tó ń kàwé á máa retí pé níbẹ̀ ni Ọlọ́run yóò ti na ọwọ́ jáde. Ọgbọ́n Ìrágbèje ni wọ́n bá. Fún ọjọ́ méje ni ó fi kọ́ wọn nípa òbí àti ọmọ, nípa ìwà, nípa bí ènìyàn ṣe ń gbé pẹ̀lú ènìyàn. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó jáde nílé ló padà. Àwọn tó padà mú ìmọ̀ràn bọ̀. Bí aláìsàn bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo, tí ó retí iṣẹ́ ìyanu, ó lè jẹ́ ìwà pẹ̀lẹ́ ni Ifá yóò ní kó fi rúbọ. Àwọn kan máa ń bínú kúrò níbẹ̀. Bóyá wọn ì bá bínú sí Ìrágbèje pẹ̀lú.

Títí dé ibí, a lè sọ pé ọmọ wa ni Fágúnwà. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìyìn bo ohun tó dùn wá mọ́lẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo orúkọ igbó yẹn. Irúnmọlẹ̀ ni àwọn àgbà ọ̀run tí Olódùmarè fi iṣẹ́ ayé rán. Nínú ìwé náà, iwin, ọ̀rọ̀ àti ẹ̀dá olójú púpọ̀ tó ń dá ọdẹ lọ́nà ló kún igbó tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Ọmọdé tó bá kà á láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbà pé irúnmọlẹ̀ ni ohun tó ń ba ni lẹ́rù lóru. Lẹ́ẹ̀kejì ni Èṣù. Ọdún 1949 ni Igbó Olódùmarè jáde, ìtàn Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Oògùn. Nínú rẹ̀ ni Olówó-Ayé ti bá Èṣù Kékeré Òde pàdé lọ́nà, tí àwọn méjèèjì sì wọ̀yá ìjà. Òǹkàwé á máa rẹ́rìn-ín, nítorí pé Fágúnwà mọ ìjà sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń lù nínú ìtàn náà ń jẹ́ orúkọ òjíṣẹ́ Olódùmarè.

Fágúnwà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ èyí. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí Samuel Àjàyí Crowther ṣáájú wọn, wá orúkọ tí wọn yóò pe Sátánì, wọ́n sì mú Èṣù. Nígbà tí odindi Bíbélì jáde ní ọdún 1884, ọ̀rọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ibi ju orúkọ yẹn lọ. Àdánù rẹ̀ kò mọ sórí Èṣù nìkan. Èṣù ni ó ń gba ẹbọ, tí ó ń gbé e dé ibi tó ń lọ, tí ó sì ń sọ fún Ikú, Àrùn, Òfò àti àwọn ajogun yòókù pé kí wọ́n yà lọ́nà. Tí a bá sọ ọ́ di ọ̀tá, ọ̀nà láàrin ayé àti ọ̀run ti dí nínú ìtàn náà nìyẹn. Ẹni tó kù tí a lè ké pè ni Ọlọ́run nìkan, lójú ẹsẹ̀, kó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹni tó ké á máa rò pé òun ti ṣẹ̀, tàbí pé kò sí ẹnìkankan lókè.

Láàrin ọdún 1946 sí 1948, Fágúnwà wà ní ìlú Ọba pẹ̀lú ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ British Council, ó sì kọ ìwé Ìrìnàjò nípa rẹ̀. Ìrèké Oníbùdó jáde ní ọdún 1949 bí Igbó Olódùmarè, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje sì tẹ̀lé wọn ní 1954. Ní ọdún 1955, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Margaret Wrong. Ọdún yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń tẹ ìwé jáde ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti kan àwọn abúlé wa.

Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó tí ì bá máa lé ẹyẹ lóko di ọmọ ilé-ìwé. Ilé-ìwé dé ibi tí mọ́tò kì í dé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí nílò ìwé èdè abínibí, Fágúnwà sì ti bá L. J. Lewis kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé, ìwé kíkà tí ọ̀pọ̀ àgbà òde òní fi mọ a, b, d. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ sínú Ògbójú Ọdẹ. Ní agbègbè Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló jí ní òwúrọ̀ nínú ilé tí bàbá ti ń dífá, tí wọ́n sì ti bu epo sí orí yangí Èṣù lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà á kọjá lára yangí, á lọ sílé-ìwé, á ka ìtàn tó ń sọ Èṣù di elénìní, á sì padà gba ẹ̀gbẹ́ yangí náà wọlé ní ọ̀sán. Kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ nípa ohun méjèèjì. Bàbá kò mọ ìwé, olùkọ́ kò mọ Ifá. Ọ̀pọ̀ yangí ló ti ipa bẹ́ẹ̀ di òkúta lásán nígbà tí bàbá kú.

Síbẹ̀ náà, kò yẹ ká gbàgbé ohun tí ìwé kan náà pa mọ́ fún wa. Ọmọ tí kò jẹ́ jókòó ti àgbà kó èdè ìjìnlẹ̀, oríkì àti òwe nínú rẹ̀, láyé tí wọ́n ń na ọmọ ní ilé-ìwé tó bá sọ Yorùbá. Bí igbó Fágúnwà tilẹ̀ ń ba ni lẹ́rù, ó ṣì kún fún ẹ̀mí, kò di ilẹ̀ tí ẹnìkan kàn lè fi katakata tú láìtọrọ. Ó sì pe igbó kan ní ti Olódùmarè. Ẹni tó bá gbà pé Olódùmarè ló ni igbó gbọ́dọ̀ gbà pé òun náà ló ni àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè M.B.E. ní ọdún 1959. Ọdún kan náà ló fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì di aṣojú ilé ìtẹ̀wé Heinemann ní Ìbàdàn. Ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn nígbà ayé rẹ̀ ni Àdììtú Olódùmarè, tó jáde ní 1961. Àwọn ẹ̀dá igbó kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Òṣì ló wà níbẹ̀, ìyà òbí tí kò rí oúnjẹ fún ọmọ, àti ọmọ tó là lẹ́yìn ìpọ́njú. Nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́, ẹni tó bá ké pe Ọlọ́run sábà máa ń rí ìdáhùn kí ojú ìwé tó yí. Nínú ti ìkẹyìn yìí, ó fi orúkọ ìwé gan-an sọ pé iṣẹ́ Olódùmarè jẹ́ àdììtú, ohun tí a di, tí a kò lè tú. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1962, àlùfáà kan tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé, E. Bọ́lájí Ìdòwú, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa Olódùmarè nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ó sì fi yé ayé pé a kò tọ́ gbé Èṣù dọ́gba pẹ̀lú Sátánì inú Bíbélì.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, Fágúnwà ń ti ìrìn-àjò iṣẹ́ bọ̀ láti òkè Ọya. Ó kú sínú odò ní agbègbè Bídà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá. Ẹni 60 ọdún ni. Ọkùnrin tó ti gba akọni sílẹ̀ nínú omi, nínú iná àti lẹ́nu ẹranko lórí ìwé, kò sí Ìrànlọ́wọ́ kankan tó yọ sí i létí odò. Àwọn kan nígbà náà ní àwọn ẹ̀dá inú ìwé rẹ̀ ló gbẹ̀san. Ọ̀rọ̀ ìdùnnú-ìkà nìyẹn, Ifá kò sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ifá kọ́ wa pé ẹ̀dá kúnlẹ̀, ó yan ìpín rẹ̀ níwájú Olódùmarè kó tó wá sáyé, ó sì gbàgbé ohun tó yàn bó ti ń kọjá ní bodè. Ọ̀rúnmìlà tó wà níbẹ̀ ló ń rántí. Ẹbọ ń tún ọ̀nà ṣe, kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí kò ní kú. Babaláwo náà ń kú. Ẹni tó bá ń rúbọ bí ẹni tó ń ra Olódùmarè lọ́jà, ọjọ́ tí ìṣòro bá kọ̀ tí kò lọ, á da ìgbàgbọ́ nù pẹ̀lú igbá ẹbọ.

Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré orí ìtàgé Láńgbòdó, tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC ní ọdún 1977. Ìwé náà kò ní kúrò nílé wa, kò sì yẹ kó kúrò. Ohun tó kù sọ́wọ́ wa ni ohun tí bàbá aláìmọ̀wé àti olùkọ́ aláìmọfá kò lè ṣe ní 1955. Àwa mọ méjèèjì. Bí ọmọ rẹ bá ń ka Fágúnwà ní Ìyànà-Ọ̀fà tàbí ní Ẹ̀rúnmu, jókòó tì í. Bó bá dé ibi tí Èṣù ti ń jìjàkadì, sọ fún un ẹni tí Èṣù jẹ́, kí o sì mú un lọ sídìí yangí. Bó bá dé ibi tí Ìrànlọ́wọ́ ti yọ, bi í léèrè ta ló rán an. Bó bá béèrè ìdí tí kò fi yọ sí òǹkọ̀wé náà létí odò, sọ fún un pé orí ló ń gbéni dé ibi tí ìpín wà, kí o sì sọ orúkọ ìyá òǹkọ̀wé náà fún un, Òṣúnyọmí.